Àna Tó Fẹ́ Kí Wọ́n Pe Òun Ní Ìkà

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ayé gbàgbé ìkà tí àwọn ṣe. Ẹ̀bẹ̀ ti Bàbá Szeto Kam-wing ni pé kí ayé má gbàgbé tirẹ̀. Ẹja gbígbẹ ni bàbá náà ń tà ní àdúgbò Sai Ying Pun. Kò lè pa aáyán, ológbò àdúgbò ló sì ń jẹ ìdajì edé tó yẹ kó tà. Ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀ ó ti gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, níwájú aṣọ́lé, fún ẹgbẹ́ Kwong Ngai, Àáké ni wọ́n sì ń pè é. Ohun tó wá ń fẹ́ kó tó fi ilẹ̀ bora ni pé kí àwọn èèyàn gbà, ní gbangba, pé nínú gbogbo ẹni tó wọ pápá rí ní Hong Kong, kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ìkà tó òun.

Ilé tíì tó wà níwájú ibùdókọ̀ tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ni ilé ẹjọ́ tí wọ́n ti ń dá ọ̀rọ̀ náà, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú sì ni ìjókòó rẹ̀. Bí àwọn arúgbó wa bá ti yí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ká, Bàbá Tong á gbé àgò ẹyẹ rẹ̀ kọ́ sókè orí, á tú tíì sínú ife, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn òṣìkà. Ó máa ń ki Lai Onígbọ̀nwọ́, tó tú eyín ọmọ Macau kan síta tó sì bá a wá eyín náà nínú koríko. Ó máa ń ki Hui, tí í di erùpẹ̀ sápò kó tó wọ pápá, kó lè rí nǹkan fọ́n sójú aṣọ́lé bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ láti igun. Ó máa ń ki Kwan, tó máa ń já èèyàn ní èékánná nígbà tí wọ́n bá tò láti ya fótò. Àwọn yòókù á máa mi orí, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ẹni mímọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń le ni pé ọmọlúàbí kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Bàbá Szeto kò lè sọ pé, "Èmi ńkọ́?" Ńṣe ni á jókòó, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí tíì tó ti tutù, á máa dúró de ẹni tí yóò dárúkọ Àáké. Bàbá Tong náà sì rèé, bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni òun náà gbá, fún ẹgbẹ́ mìíràn. Òun náà ń dúró de ẹni tí yóò dárúkọ Tong. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń yin àwọn tó ti kú láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Bàbá Szeto ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Pui-kwan. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, Àǹtí Ngan, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló sì wò ó dàgbà. Láti kékeré ni Pui-kwan ti mọ ìtàn Àáké lórí, kò sì sí ohun tó ń tì í lójú tó o. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ẹja ló máa ń sọ. Kì í dárúkọ bọ́ọ̀lù.

Bọ́ọ̀lù náà ló sì mú un pàdé Mok Yat-sing.

Ní ọjọ́ náà, ó tẹ̀ lé ọmọ Àǹtí Ngan lọ sí pápá sìmẹ́ńtì etí omi, láti gbé ọbẹ̀ olómi dání fún un. Rẹfirí tínrín kan, tí irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀, fún ọmọ Àǹtí Ngan ní káàdì pupa. Ọbẹ̀ tutù mọ́ Pui-kwan lọ́wọ́. Ó lọ dúró de rẹfirí náà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ojú yín ń ríran?" ló fi kí i.

Rẹfirí náà ní òun ń ríran.

"Ẹ wá rí i pé ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ kan ọmọ yẹn?"

"Mo rí i," ni Yat-sing wí. "Mo tún rí yín lẹ́yìn gòólù. Kí n tó fọn fèrè lẹ ti fọwọ́ bo ojú. Ẹ̀yin náà rí i."

 Kàkà kí Pui-kwan máa lọ sílé, ó dúró. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì wà lẹ́bàá ẹni tó ń ta ẹja lílọ̀ rọ́bọ́tọ́ tí wọ́n fi igi gún, Yat-sing sì ń sọ fún un pé ilé ìfìwéránṣẹ́ lòun ti ń ṣiṣẹ́, òun ń ṣa lẹ́tà, ọjọ́ ìsinmi nìkan lòun ń fọn fèrè. Ó ní àwọn èèyàn ti sọ òkò lu òun rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀.

Láti ìgbà náà ni Yat-sing ti di oníbàárà ìsọ̀ ẹja. Ó ń ra olú gbígbẹ, ó ń ra ìṣáwùrú gbígbẹ, títí ìyá rẹ̀ fi bi í bóyá ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọjọ́ tí Bàbá Szeto bá lọ ra ọjà ní èbúté ló máa ń wá. Bàbá náà kò rí i rí, òun náà kò sì rí bàbá. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé ẹlẹ́ja ni. Ó tó ọdún kan kí Pui-kwan tó jẹ́wọ́ fún Àǹtí Ngan, Àǹtí Ngan sì gba iṣẹ́ alárinà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó lọ bá àbúrò rẹ̀, ó ní ọmọ dáadáa kan ń bọ̀, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Wọ́n dá ọjọ́. Ilé tíì ni wọ́n ti máa rí ara wọn, ní ọjọ́ Àìkú kejì sí ìgbà náà.

Bí Yat-sing bá ní sùúrù, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí. Ṣùgbọ́n ara ọmọ náà kò gbà á. Ó fẹ́ mọ bí ilé tíì náà ṣe rí, ibi tí ilẹ̀kùn wà, àga tí òun á jókòó sí. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ti àdéhùn pé, ó lọ yẹ ibẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ pápá wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ilé tíì kún. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ fi àgbọ̀n júwe àga kan tó ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, ó sì jókòó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá bá ọ pín tábìlì kì í bi ọ́ ní orúkọ, ìwọ náà kì í bi í. Ẹ ó kàn jọ jẹun ni.

Kò pẹ́ tó jókòó tí Bàbá Tong rí i pé ó ń tẹ́tí. Ó bi í bóyá ó mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Yat-sing ní rẹfirí lòun. Gbogbo tábìlì yíjú sí i. Láti ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń jókòó ẹjọ́, adájọ́ kò yà sí wọn rí. Bàbá kan tó jókòó ní ìdojúkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ tàn lójijì, fà sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin rẹfirí a máa sọ̀rọ̀ láàárín ara yín," ni bàbá náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. "Àáké tó gbá bọ́ọ̀lù fún Kwong Ngai. Kí ni àwọn àgbà yín ń sọ nípa rẹ̀?"

Yat-sing rò ó dáadáa, torí ó fẹ́ dáhùn bó ṣe yẹ. "Àáké? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọn fèrè fún un rí. Ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá gbá ẹnìkan ṣubú, òun náà ló máa fà á dìde, á sì gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù."

Bàbá Tong rẹ́rìn-ín títí ẹyẹ rẹ̀ fi ń fi ara gbá àgò. Bàbá tó béèrè ọ̀rọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó bu tíì fún ọmọ náà, ọmọ náà fi ìka méjì kan tábìlì láti dúpẹ́. Bàbá náà sì dìde, ó lọ sílé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àǹtí Ngan mú Yat-sing wọlé tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì tuntun àti páálí àkàrà òyìnbó, Pui-kwan ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ń lọ sápá fèrèsé. Wọ́n ń sún mọ́ tábìlì kan. Yat-sing ti mọ tábìlì náà kí wọ́n tó débẹ̀.

"Àbúrò mi," ni Àǹtí Ngan wí, "ọmọ náà rèé."

Bàbá Szeto wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "A ti mọ ara wa," ló wí. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ bá mi dá a padà. Mi ò ní fọmọ mi fún afọ́jú."

Pui-kwan kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí wọ́n fi dé òpópónà, tí Yat-sing sọ ọ́ fún un gbólóhùn sí gbólóhùn. Yat-sing bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun pé bàbá rẹ̀ ni Àáké. Pui-kwan ní báwo lòun ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún rẹfirí? Ojú tì wọ́n fún ara wọn. Tíráàmù kan kọjá, òmíràn kọjá, wọn kò wọ èyíkéyìí.

Àǹtí Ngan ní tirẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Ó lọ ká àbúrò rẹ̀ mọ́ ìsọ̀.

"Torí pé ọmọ náà pè ọ́ léèyàn dáadáa lo ṣe lé e?"

"Ó bà mí jẹ́ lójú Tong."

"Kam-wing, ojú ò tì ọ́."

Ó fi ẹkún kún un, ó fi èébú kún un, ó dárúkọ ìyá wọn tó ti kú, kó tó rí àdéhùn kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọdún òṣùpá àárín ìgbà ìkórè, nígbà tí gbogbo èèyàn ń pín àkàrà òṣùpá fún ara wọn, kí ọmọ náà padà wá sídìí tábìlì. Kí ó sọ ọ́ lójú Tong, gẹ́gẹ́ bí rẹfirí, pé Àáké ló gbá bọ́ọ̀lù ìkà jù. Bó bá ti sọ ọ́, kí ìyá rẹ̀ máa gbé ẹrù ìdána bọ̀. Bí kò bá sọ ọ́, kó wá ọmọ ẹlẹ́ja mìíràn fẹ́.

Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Kowloon ní òdìkejì omi ni Pui-kwan ti jíṣẹ́ náà. Ìgbì ń gbé wọn sókè, ó ń gbé wọn sílẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì rí ibi tí wọ́n á fọwọ́ sí.

"Gbólóhùn kan ni," ló wí. "Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àtijọ́. Kò pa ẹnì kankan lára."

"Mi ò rí bàbá ẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rí."

"Ta ló ń bi ẹ́ bóyá o rí wọn?"

"Èmi ló ń bi ara mi." Ó yíjú sódò. "Pui-kwan, tí mo bá lè purọ́ fún bàbá ẹ torí kí n lè rí ẹ fẹ́, kí ni mi ò ní lè purọ́ fún ẹ lé lórí?"

Pui-kwan ní ó dáa, ó ti hàn pé fèrè rẹ̀ ló fẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún wọ èyí tó ń padà lọ, òun nìkan.

Wọn kò fojú kan ara wọn mọ́. Ọjọ́ ń lọ, ó di ọ̀sẹ̀. Pui-kwan a máa wọn ìṣáwùrú fún ẹni tó béèrè olú. Á jókòó, á dìde, á tún to àwọn ìgò tó ti tò láàárọ̀. Ohun tó ń dà á láàmú kì í ṣe pé Yat-sing lè kọ̀. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé òun kò mọ èyí tí òun fẹ́. Bó bá purọ́, ó di ọkọ òun, ṣùgbọ́n ọkùnrin ẹnu ọ̀nà pápá, tó sọ òótọ́ lójú òun láìmira, yóò ti lọ. Bí kò bá purọ́, ọkùnrin yẹn á wà, àmọ́ kò ní jẹ́ tòun. Ó fẹ́ kó sọ ọ́. Ó ń bẹ̀rù pé ó máa sọ ọ́.

Yat-sing náà kò gbádùn. Ó fọn fèrè fún pẹnáríti, ó ronú, ó tún fagi lé e, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì bi í bóyá ibà ló ń ṣe é. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń wá àwọn tó bá Àáké gbá bọ́ọ̀lù kiri. Bí òun bá lè rí ẹ̀rí kan péré, òótọ́ ló máa jẹ́, kò ní jẹ́ irọ́ mọ́. Wíńgà àtijọ́ kan, tó máa ń sáré etí pápá, ká ṣòkòtò fún un, ó fi àpá hàn án, inú Yat-sing dùn. Ìyàwó bàbá náà sì sọ látinú ilé pé orí kẹ̀kẹ́ ló ti ṣubú. Òmíràn ní Lai ló burú jù. Òmíràn ní gbogbo wọn ni. Kò sí ẹni tó lè búra.

Ọjọ́ Àìkú náà pé. Àǹtí Ngan ti rí i dájú pé gbogbo èèyàn pé pérépéré: Bàbá Tong àti ẹyẹ rẹ̀, àwọn arúgbó yòókù, Pui-kwan tí kò gbé ojú sókè. Yat-sing wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, torí ó ní eré tó máa fọn fèrè fún lọ́sàn-án. Wọ́n fi í jókòó sí ìdojúkọ Bàbá Szeto. Apẹ̀rẹ̀ ọparun tí wọ́n fi gbé oúnjẹ gbígbóná wá ń rú èéfín láàárín wọn.

Bàbá Tong ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí ó ti ń gbádùn rẹ̀ ná. Ó ní wọ́n gbọ́ pé adájọ́ fẹ́ tún ẹjọ́ dá.

Yat-sing gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. "Ẹ̀yin bàbá mi, rẹfirí kì í fọn fèrè sí ohun tí kò rí. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí bàbá ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo ti bi àwọn tó wà níbẹ̀, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Mi ò lè sọ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ìkà. Mo sì fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn."

Àǹtí Ngan dijú. Nínú Pui-kwan, nǹkan kan já, nǹkan mìíràn sì fìdí múlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè sọ èyí tó dùn ún jù nínú méjèèjì.

Bàbá Szeto kò bínú. Ìyẹn gan-an ló ya gbogbo wa lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi igi ìjẹun mú edé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, èyí tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀, ó na apá kọjá tábìlì, ó gbé e sínú abọ́ ọmọ náà, bí àgbà ṣe ń ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ràn. Ó bi í bóyá ara ìyá rẹ̀ le. Gbogbo ojú wà lára edé.

Yat-sing ti ń fẹ́ dáhùn nígbà tí ẹnu rẹ̀ dúró ní yíyà. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Omi yọ lójú rẹ̀ méjèèjì.

"Ó gbóná ni?" ni Bàbá Szeto wí, pẹ̀lú àánú. "Rọra jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Bàbá Tong kò rí nǹkan kan. Àǹtí Ngan kò rí nǹkan kan. Pui-kwan, tó jókòó ti bàbá rẹ̀ lápá ọ̀tún, kò mọ̀ pé itan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun mira.

Yat-sing gbé igi ìjẹun rẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde dúró, gbogbo ara rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ kan. Ó wá inú báàgì rẹ̀, ó nàró, ó sì gbé káàdì pupa sókè lórí ìkòkò tíì.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jáde."

 Ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ dúró sójú kan.

"Kí ni mo ṣe?" ni Bàbá Szeto wí. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbalaja, ó ń wo gbogbo ilé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sùn pa. "Mo fọwọ́ kàn án ni? Ẹ̀yin èèyàn, mo fọwọ́ kàn án?"

"Ojú yín ń rẹ́rìn-ín sí mi," ni Yat-sing wí, eyín rẹ̀ ń pàdé, "ọwọ́ yín ń bù fún mi, ẹsẹ̀ yín ń fọ́ mi lójúgun. Ẹ tún ń béèrè ìyá mi. Láti ìgbà tí mo ti ń fọn fèrè, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ohun tí mo rí nìkan ni mò ń sọ, èyí ni mo sì rí. Tí ẹnì kan bá ṣe ìkà tó jù báyìí lọ, kí wọ́n fi hàn mí."

Bàbá Tong bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó ní kí ọmọ náà ká ṣòkòtò. Ó wo ojúgun náà, tó ti ń wú bí ẹ̀kọ tó ń hó. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú pé ohun tí wọ́n bá ṣe nínú ilé tíì kò kà, pé orí pápá nìkan ló kà.  Ó tún ojúgun wò, ó sì jókòó.

"Ojú Szeto ni mò ń wò," ló wí, ohùn rẹ̀ ti tán. "Ojú ẹ̀ gan-an ni mò ń wò, mi ò rí i."

Ẹ jẹ́ ká rántí pé ní ayé tiwọn, kò tíì sí káàdì. Rẹfirí ayé ìgbà náà á kàn na ìka síta ni, ẹni tí wọ́n lé kò sì ní ohun tó máa fi ṣe ẹ̀rí. Bàbá Szeto na ọwọ́, ó gba káàdì náà lọ́wọ́ Yat-sing, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló dìde. Ó ń mi orí, ó ń ráhùn pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó sì rìn la àárín ilé tíì kọjá, díẹ̀díẹ̀, kí tábìlì kankan má bàa ṣàìrí i. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí nǹkan. Ó pe Àǹtí Ngan, ó ní kó sọ fún ìyá ọmọ náà pé ọjọ́ tó bá wù ú ni kó gbé àkàrà ìdána wá.

Kò dá káàdì náà padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, rẹfirí wa fọn fèrè fún odindi eré láìní ju ìkìlọ̀ ẹnu lọ.

Àmọ́ kó tó lọ sí pápá, òun àti Pui-kwan kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí òpópónà, níwájú àwọn ìsọ̀ ẹja tí gbogbo ẹni tó ni wọ́n mọ Pui-kwan láti ọmọ ọwọ́. Yat-sing ń tiro. Ó ń gbìyànjú kó má tiro, ìyẹn sì tún burú ju títiro lọ.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?" ni Pui-kwan bi í.

"Rárá o," ni Yat-sing wí. "Kò tiẹ̀ ṣe mí ní nǹkan kan."

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún un nìyẹn. Bó ti ń pa á, etí rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ sá lọ sára tíráàmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tàsé. Pui-kwan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ láti ọjọ́ ọkọ̀ ojú omi wò ó dáadáa, ó rí i pé ọkùnrin yìí kò lè purọ́ kí ó má hàn láéláé. Ó fi apá kọ́ ọ lápá, lójú gbogbo ọjà, ó ní kó gbé ara lé òun.

Ó gbé e lé e.